Ìyá Àgbà Mi àti Àwọn Ọmọ Inú Ààtàn

Nígbà tí pásítọ̀ dúró síbi orí pósí ìyá àgbà mi, tó ní màmá ti lọ síbi tí kò sí ìdọ̀tí kankan mọ́, gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi ò ṣe é. Mo mọ ìyá tó bí ìyá mi. Bí ibẹ̀ bá mọ́ tó bí pásítọ̀ ṣe wí lóòótọ́, màmá ò ní lò tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí yóò da èèpo ẹ̀gẹ́ sí, àwọn áńgẹ́lì á sì rí ìjà.

Mi ò ní sọ ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n ti tẹ ìyẹn sínú ìwé ìsìnkú: ọdún ìbí tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ dájú, ọmọ mẹ́fà, ọmọ-ọmọ bí eṣú, “ìyá rere, onínúure, olùfẹ́ ìmọ́tótó.” Mo ka gbólóhùn ìkẹyìn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ó dà bí ẹni pé òkú ẹlòmíì ni wọ́n gbé wá. Ní Òsì níbí, Ìyá Aláàtàn ni wọ́n ń pè é, kò sì sí ẹni tó gbọ́ orúkọ yẹn tó béèrè ìdí. Lóòótọ́ ó ń wẹ̀ ní àárọ̀, ó ń wẹ̀ ní alẹ́, ṣùgbọ́n dúdú ni abẹ́ èékánná rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú. Ní ọjọ́ Oúnjẹ Olúwa, pásítọ̀ máa ń jẹ́ kí búrẹ́dì já bọ́ sí i lọ́wọ́ láti òkè ni, kí ìka má bàa kan ìka.

Ọmọ ata ló ń tà. Ó ń fọ́n irúgbìn sórí ebè kéékèèké lẹ́yìn ilé ìdáná, nígbà tí wọ́n bá sì ga tó ìka ọwọ́, àwọn àgbẹ̀ á wá rà wọ́n láti Òkè-Ọ̀pin àti Araròmí, wọn á lọ tún wọn gbìn sóko. Oko ata tirẹ̀ náà ò jìnnà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé títí dé ààlà Ìyá Bọ̀sẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti jẹ́ ìyàwó tuntun. Láàárín ilé ìdáná àti oko yẹn ni ààtàn wà. Ó ga tó àyà mi. Bí o bá ti ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, òun lo máa kọ́kọ́ rí láti ojú fèrèsé ẹ̀yìn, ó jókòó bí baálé.

Ilẹ̀kílẹ̀ l'ààtàn ń gbà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ti màmá ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ààtàn tirẹ̀ ní ìdánwò àbáwọlé. Èèpo ẹ̀gẹ́, èèpo ẹ̀wà, èèpo ẹyin, ìgbẹ́ ewúrẹ́, eérú tó ti tutù, ewé kókò, egungun adìyẹ Kérésìmesì, gbogbo wọn wọlé. Ọ̀rá kò gbọdọ̀ wọlé. Bátìrì rédíò kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹni tó bá sì ṣáná sí i ti wá ìjà gidi. Lọ́jọ́ tí àbúrò ìyá mi, Bọ̀ọ̀dá Jídé, tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní Ìlọrin, wá kí i tó sì fẹ́ ṣe dáadáa fún un, ó da kẹrosíìnì sí ẹ̀gbẹ́ ààtàn, ó ń wá ìṣáná. Màmá jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́. Ọkùnrin yìí ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì ní ikùn, ṣùgbọ́n ó sáré. Láti ọ̀nà jíjìn la ti ń gbọ́ ohùn màmá: “Mo bí ẹ, mé sun ẹ́! Kí ni àwọn wọ̀nyí ṣe fún ẹ?”

Wolé-wolé kan náà wá lọ́dún kan, ó gun ọ̀kadà wá nínú oòrùn ọ̀sán, ó mú ìwé dání, ó ní kí màmá kó ààtàn yẹn kúrò nítorí òórùn àti àìsàn. Màmá fún un ní àpótí kó jókòó. Ó ti ọwọ́ bọ inú ààtàn títí dé ìgúnpá, ó fa erùpẹ̀ dúdú kan yọ láti ìsàlẹ̀, ó gbé e sí ọkùnrin náà nímú. “Gbóòórùn ẹ̀.” Ọkùnrin náà gbóòórùn ẹ̀. Òórùn ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ni. Màmá bi í bóyá ó ń rùn, ó ní rárá, mà. Màmá wá wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, “Àwa mẹ́ta la wà níbí, èmi, ìwọ àti ààtàn. Ìwọ nìkan ló ń rùn.”

Ohun kan tó ń ṣe lójoojúmọ́ ni mo gbọdọ̀ ṣàlàyé dáadáa, nítorí òun ló dá wàhálà sílẹ̀. Kì í da omi gbígbóná sílẹ̀. Bí ó bá se iṣu tán, á gbé omi rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí yóò fi tutù. Lẹ́yìn náà á gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, á dúró, á pariwo pé, “In yà lọ́nà o, ẹ̀yin ọmọ!” kó tó dà á. Gbogbo àwa ọmọdé ilé á tú ká. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá kí n tó ṣàkíyèsí pé ó ń sọ ọ́ nígbà tí kò sí ọmọ kankan nítòsí. Mo bi í bóyá àwa ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin? Ìgbà wo lẹ̀yin ti gbọ́ràn rí?”

Ó gbà pé àwọn kan wà nínú ilẹ̀. Kì í ṣe iwin, kì í ṣe òrìṣà. Ọmọ ìjọ ni, kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kàn gbà pé ilẹ̀ kan wà láàyè, òmíràn ti kú, ó sì mọ̀ wọ́n yàtọ̀ bí èèyàn ṣe ń mọ ẹni tó ń sùn yàtọ̀ sí òkú. Nígbà tó bá ń gbin ẹ̀wà, á fa ọ̀kan tu láàárín oko, á fi gbòǹgbò rẹ̀ hàn mí. Àwọn kókó kéékèèké bí ìlẹ̀kẹ̀ wà lára rẹ̀. Á fi èékánná fọ́ ọ̀kan. Bí inú rẹ̀ bá pupa, á rẹ́rìn-ín, á ní wọ́n ń ṣe usẹ́, wọ́n ń se oúnjẹ fún ẹ̀wà. Bí ó bá funfun tàbí tó ní àwọ̀ ewé, á ní ọ̀lẹ ni wọ́n, á lọ bu erùpẹ̀ ààtàn kún ilẹ̀ ibẹ̀. Ọjọ́ kan ló fọ́ ọ̀kan báyìí tó pupa bí ẹ̀jẹ̀, ó wá ronú díẹ̀, ó ní, “Jídé ńkọ́? Bí mo bá fèékánná tẹ̀ ẹ́, funfun ni màá rí.”

Èmi lọ kàwé nípa ilẹ̀. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìlọrin, ibẹ̀ ni mo wà títí dòní. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, mo bu erùpẹ̀ ààtàn màmá sínú ife, mo gbé e lọ, mo sì mú kí ohun inú rẹ̀ hù nínú àwo gíláàsì. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú lásán ò lè rí ló wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní bakitéríà. Wọ́n ti pọ̀ sí i nínú àwo náà débi pé wọ́n di àmì funfun àti aláwọ̀ ọsàn tí èèyàn lè rí. Mo fi kòkòrò tó ń pa ata sí àárín wọn. Kò lè tàn dé ọ̀dọ̀ wọn. Níbi tí wọ́n bá wà, òrùka òfìfo ni wọ́n fi yí ara wọn ká, kòkòrò burúkú yẹn ò lè ré e kọjá. Mo dé àwo náà pa, mo fi téèpù yí i, mo gbé e wọ mọ́tò, ó di Òsì.

Màmá gbé e síwájú ojú. Mo ṣàlàyé fún un pé gbòǹgbò máa ń tu ohun dídùn jáde sínú ilẹ̀, pé àwọn wọ̀nyí ń jẹ ẹ́, wọ́n wá ń gbé lára gbòǹgbò bí ayálégbé, wọ́n ń yọ oúnjẹ tó le nínú ilẹ̀ fún un, wọ́n sì ń lé àwọn kòkòrò àrùn. Mo sọ pé òórùn òjò tí wolé-wolé gbọ́ yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ irú wọn ni. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yí àwo náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó bi mí pé ọdún mélòó ni mo lò nílé ìwé gíga kí n tó mọ èyí. Mo ní márùn-ún. Ó fi àwo náà fún mi padà. “Ọdún márùn-ún! Kóo tó lè kí àwọn ọmọ mi!”

Ọdún tí ata rọ ni mo fẹ́ sọ báyìí. Bí ẹ ò bá rí i rí, ẹ ò lè mọ bó ṣe ń ba èèyàn lọ́kàn jẹ́. Ní ọ̀sán, ewé ata á sọ kalẹ̀ bí ẹni tí oòrùn mú. Ní ìrọ̀lẹ́ á tún dìde. Ìwọ á ní òùngbẹ ni, ìwọ á bomi rin ín. Ní ọjọ́ kẹta, kò ní dìde mọ́, ewé á wà ní tútù lára rẹ̀, ata á sì ti kú. Mo gé igi ata kan lóko Ìyá Bọ̀sẹ̀, mo fi í sínú ife omi, ohun funfun kan bí ògì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde láti ojú ibi tí mo gé. Kòkòrò burúkú ni gbogbo rẹ̀. Láti Òsì dé Òkè-Ọ̀pin, oko ata di igbó òkú. Ti màmá mi dúró. Ó dúró, ó ń so, ó ń pọ́n, ojú ń ti èmi gan-an láti wò ó.

Màmá bu erùpẹ̀ ààtàn tó ti jinná sínú igbá, ó gbé e lọ bá Ìyá Bọ̀sẹ̀. Ó ní kó máa fi ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan sínú ihò kó tó gbin ata míràn. Ìyá Bọ̀sẹ̀ wo inú igbá náà, ó rí èèpo ẹyin, ó rí egungun wẹ́wẹ́. Ó ní kó gbé e padà. Ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́, ata yẹn ló fi ń jẹun, ó sì ti ń ro nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Kí ló dé tí ọ̀rẹ́ òun fi ń sin nǹkan sínú ihò? Kí ló dé tí kì í da omi gbígbóná sílẹ̀? Ta sì ni àwọn ọmọ tó ń sọ pé kí wọ́n yà lọ́nà, nígbà tí kò sí ọmọ níbẹ̀? Ó kó àwọn ìbéèrè náà lọ sí ilé àdúrà kan lórí òkè, wòlíì ibẹ̀ sì dáhùn gbogbo rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan. Ó ní àjẹ́.

Wòlíì àti ìjọ rẹ̀ wá ní àárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú agogo, ṣọ́bìrì àti kẹ́ẹ̀gì omi àdúrà. Ìsinmi ni mo wá lò nílé, mo wà níbẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ oko màmá láti wá ohun tó sin síbẹ̀. Wọ́n rí egungun adìyẹ, wọ́n pariwo. Wọ́n rí ṣíbí kan tó ti dípẹtà, wọ́n pariwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n rí ẹsẹ̀ kan sálúbàtà ọmọdé, gbogbo wọn sì fò sẹ́yìn, wòlíì sọ pé ọmọ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe é nìyẹn, pé ọmọ náà ò ní rìn dáadáa láyé. Tèmi ni. Mo ti ń wá a láti ìgbà tí mo wà ní píráímárì kẹta. Wòlíì ní kí wọ́n bu erùpẹ̀ ibi tí wọ́n ti rí i kún báàfù méjì. Wọ́n gbàdúrà lé e, wọ́n da omi àdúrà sí i, ó sì pàṣẹ pé kí Ìyá Bọ̀sẹ̀ lọ fọ́n ọn sórí ebè ara rẹ̀, kí ó lè lé ibi náà kúrò níbẹ̀.

Màmá ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé ilé ìdáná, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Mo rò pé yóò sunkún. Nígbà tí wọ́n gbé báàfù méjèèjì kọjá ààlà, ẹ̀rín ló bú sí, ẹ̀rín náà pọ̀ débi tí ìró rẹ̀ tú, ó ní kí n bá òun di ọ̀bẹ mú kí òun tún ìró ró. “Wọ́n jí àwọn ọmọ mi gbé,” ló wí. “Ó dáa. Wọn á bọ́ wọn.”

Nígbà òjò tó tẹ̀ lé e, ata Ìyá Bọ̀sẹ̀ dúró. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró tó láti fi jẹ́rìí nílé àdúrà, ó sì jẹ́rìí. Ni gbogbo ayé bá ń fẹ́ erùpẹ̀ àdúrà. Wòlíì wá wà nínú ìṣòro kan tí mi ò rò pé ó kọ́ nípa rẹ̀ níbikíbi: níbo ni yóò ti rí erùpẹ̀ míràn? Kò sí ibòmíràn ju ilẹ̀ àjẹ́ náà lọ. Nítorí náà, lọ́dọọdún, bí òjò bá ti ń ṣú, wọ́n á tún fi agogo wá ṣẹ́gun ìyá àgbà mi, wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n á gbàdúrà lé e, wọ́n á pín in fún àgbẹ̀. Lọ́dún kejì mo bá màmá níbi ààlà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀. Ó ti kó erùpẹ̀ tó jinná jù lọ nínú ààtàn wá síbẹ̀, ó fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, ó ń ṣa egungun kúrò nínú rẹ̀ kí ẹ̀rù má bàa ba wọ́n. Mo ní kí ló ń ṣe. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. “Àlejò ń bọ̀,” ló wí.

Inú bí mi gan-an. Mo ní màá mú àwo gíláàsì mi wá, màá dúró níwájú ìjọ, màá ṣàlàyé, màá fọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Mo pariwo mọ́ ọn, Ọlọ́run foríjì mí. Ó jẹ́ kí n pariwo tán.

“Bóo bá sọ fún wọn pé erùpẹ̀ Ìyá Aláàtàn ni, kí ni wọ́n máa ṣe sí i?”

Mo ní wọn á dà á nù.

“Bí wọ́n bá dà á nù?”

“Ata á rọ.”

“Ṣé kí ata kú kí orúkọ mi lè yè?”

“Ṣùgbọ́n àjẹ́ ni wọ́n ń pè yín, Ìyá!”

“Wọ́n ń pè mí ní àjẹ́, wọ́n sì ń jẹ ata. Èwo ló wá dùn ẹ́ níbẹ̀?”

Mo gbà pé kò dùn ún. Ó máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Bí pásítọ̀ tiwa bá ní kí a gbàdúrà fún àwọn ọ̀tá wa, òun lohùn rẹ̀ máa ń ròkè jù, á sì máa wo ọ̀nà ilé Ìyá Bọ̀sẹ̀. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, títí di ọjọ́ ìkómọ ọmọ-ọmọ Ìyá Bọ̀sẹ̀.

Wọ́n pè é, torí pé ilé kan ni gbogbo wa láti ọjọ́ pípẹ́, wọn ò lè ṣe kí wọ́n má pè é. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ó fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ ìdọ̀tí abẹ́ èékánná rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi òrí pa ọwọ́. Èmi tí mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, mi ò rí ọwọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ìyá àgbà jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, wọ́n ń gbé ọmọ náà láti itan dé itan, oníkálukú ń ṣàdúrà fún un. Ìyá Bọ̀sẹ̀ ló ń gbé e kiri. Nígbà tó kan màmá mi, màmá ti tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Ìyá Bọ̀sẹ̀ gbé ọmọ náà kọjá lórí itan rẹ̀, ó gbé e fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Màmá ká ọwọ́ rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, ó kó o sínú ìborùn.

Nígbà tí a délé, ẹ̀gbẹ́ ààtàn ló lọ jókòó sí, ó sunkún. Bí ọmọdé ló ṣe sunkún. “Àkànní, ó dùn mí,” ló wí, ó fi oríkì mi pè mí. “Ó dùn mí gan-an.” Mo ní kó jẹ́ kí n sọ fún wọn nígbà náà, lónìí, nísinsìnyí. Ó fi etí ìró nu imú. “Fi sílẹ̀,” ló wí. “Ọmọ yẹn náà á jẹ ata lọ́jọ́ kan.”

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni màmá kú, lójú oorun, láìṣàìsàn. Mo dé láti Ìlọrin ní ọjọ́ tó ṣáájú ìsìnkú. Mo gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, mo wo ojú fèrèsé ẹ̀yìn, mo rí ojú ọ̀run. Ààtàn ò sí níbẹ̀. Ebè ọmọ ata ò sí. Oko náà ò sí títí dé ààlà. Ilẹ̀ pupa ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òórùn oògùn apakòkòrò ń ti ibẹ̀ wá, òkúta íntálọ́ọ̀kì sì wà níbẹ̀ ní òkìtì-òkìtì. Bọ̀ọ̀dá Jídé jáde wá bá mi, ó rẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ pupa fún ẹkún. Ó ní òun pe katapílà, típà sì kó erùpẹ̀ ibẹ̀ lọ dà sínú kòtò ńlá kan lójú ọ̀nà Ìlọ́fà, kí wọ́n lè rí ibi ta kánópì, kí ẹ̀yìn ilé màmá lè mọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí àlejò tó dé. “Mo fẹ́ bu ọlá fún un,” ló wí. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè lù ú.

Mo jókòó lórí òkúta rẹ̀, mo sunkún ju bí mo ṣe sunkún nídìí pósí lọ. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: màmá ti kú, gbogbo wa la máa kú, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyẹn ti wà láàyè ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ó sì ti fi orúkọ rẹ̀ rà wọ́n. Èyí tí mo gbé lọ sí yàrá àyẹ̀wò ti bàjẹ́ tipẹ́. Kò sí ẹ̀kúnwọ́ kan tó kù.

A sin ín lọ́jọ́ kejì. Pásítọ̀ sọ ti ìdọ̀tí, wọ́n ṣe àmín, a jẹun, àwọn àlejò lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo rí Ìyá Bọ̀sẹ̀ tó ń gba ojú ààlà bọ̀. Ó gbé báàfù kan rù, ó fi ewé kókò bò ó. Kò gba iwájú ilé wá kí àwọn ọmọ olóògbé gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Ẹ̀yìn ilé ló ti wá tààrà, ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ níwájú mi, ó sì ṣí ewé náà. Erùpẹ̀ dúdú ni. Èèpo ẹ̀wà wà nínú rẹ̀, èèpo ẹyin wà nínú rẹ̀, òórùn òjò ń jáde lára rẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

“Mo rí katapílà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá,” ló wí. “Ulé ni mo wà, mo ń wò ó. Mo ní, Jídé ti pa wọ́n.”

Mo bi í pé ìgbà wo ló ti mọ̀.

“Ọdún kìn-ín-ní. Èmi ni mo fọ́n ọn. Báàfù méjì ò tó gbogbo oko mi, mo bá fọ́n ọn dé ìdajì, mo wá wọ́n omi àdúrà lásán sí ìdajì tó kù. Ìdajì tó ní erùpẹ̀ ló dúró. Ìyókù rọ.”

Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú àyẹ̀wò yẹn. Mo ní kí ló dé tí kò sọ.

“Ojú tì mí lọ́dún kìn-ín-ní. Lọ́dún kejì, gbogbo èèyàn ti ń lò ó. Mo ní bí mo bá sọ ibi tó ti wá, wọn á dà á nù.” Ó ń fi ìka tú erùpẹ̀ náà. “Mo bu díẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn ilé mi, mo ń da èèpo sí i. Mo ń bomi sí i. Mo gbé ọmọ kọjá lórí itan rẹ̀.” Ó ṣa èèpo ẹyin kan, ó dá a padà. “Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Mo rí i pé ó ti fọ̀ ọ́.”

A jọ lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Mo fi ọkọ́ ha ilẹ̀ pupa náà kúrò níbi tí ààtàn wà, mo gbẹ́ ẹ títí mo fi kan ilẹ̀ tó rọ̀, ó sì da báàfù rẹ̀ sójú ibẹ̀. Ó kéré. Ajá lè dùbúlẹ̀ kó bò ó. Ó ní kí n bu omi wá, mo bu omi wá láti inú ìkòkò, ó ti ìka bọ̀ ọ́ láti mọ̀ bóyá ó tutù.

Bọ̀ọ̀dá Jídé jáde láti inú ilé pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu, ó wá dúró tì wá, ó ń wo ìdọ̀tí tuntun lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ìyá Bọ̀sẹ̀ gbé igbá omi náà sókè, ó dúró, ó sì pariwo: “In yà lọ́nà o, ẹ̀yin ọmọ!”

Bọ̀ọ̀dá Jídé bi mí pé ta ni màmá yìí ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní kó yà lọ́nà.